Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Ẹyẹ àti Ìṣẹ̀dá nínú Àpèjúwe Lédè Ṣáínà: Chéngyǔ, Ewì àti Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń kọ́ èdè Ṣáínà kì í yé bi mí: "Mo há chéngyǔ bí ogójì sórí, mo to mẹ́fà sínú àròkọ ojú-ewé kan, síbẹ̀ olùkọ́ fa gègé pupa sí gbogbo rẹ̀. Kí ni mo ṣe?" Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ kó ẹyẹ wọlé láì bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú àpèjúwe àwọn ará Ṣáínà, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti ní àsìkò tirẹ̀, ó sì ti ní ìròyìn tó ń gbé kiri, ìbáà jẹ́ ayọ̀, ìbáà jẹ́ àárò ilé. Ẹ mọ ìyẹn tán, chéngyǔ kan ṣoṣo á tó yín fún odindi ìpínrọ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: chéngyǔ ni àkànlò èdè wọn, tó sábà máa ń jẹ́ àmì ìkọ̀wé mẹ́rin tí a kì í yí padà. Mo gbà pé ẹ ti lè kọ gbólóhùn kéékèèké lédè náà, adùn lẹ ń wá.

## Kí ẹ tó mú bírò

- Atúmọ̀ èdè tó ń fi gbólóhùn ṣàpẹẹrẹ. Pleco lórí fóònù ti tó. Ẹni tó bá ti jinlẹ̀ díẹ̀ kó wá 现代汉语词典 (Xiàndài Hànyǔ Cídiǎn), atúmọ̀ èdè Ṣáínà sí Ṣáínà.
- Ìwé tí ẹ óò máa kọ chéngyǔ sí, pẹ̀lú gbólóhùn kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní gbólóhùn lábẹ́, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.
- Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́bàá fèrèsé. Mi ò ṣàwàdà.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú àsìkò kí ẹ tó mú ẹyẹ

Ibí làwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀ jù. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la mọ̀, pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń yọjú láàárín. Àwọn ní ìgbà mẹ́rin, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni ewì wọn dúró lé. Bí ẹ bá fi ẹyẹ ìgbà ìrúwé sínú òtútù, ẹni tó ń kà á á rò pé oorun lẹ fi kọ ọ́.

- Ìgbà ìrúwé (春 chūn): alápàáńdẹ̀dẹ̀ (燕 yàn), ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè olóhùn dídùn tí wọ́n ń pè ní 黄鹂 (huánglí), igi wílò (柳 liǔ), òdòdó 桃花 (táohuā).
- Ìgbà ooru (夏 xià): òṣíbàtà wọn (荷花 héhuā), kòkòrò 蝉 (chán) tó ń han lórí igi látàárọ̀ dalẹ́.
- Ìgbà ìwọ́wé (秋 qiū): 雁 (yàn), ẹyẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tó ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lójú ọ̀run lọ sí gúúsù, ewé pupa, oṣùpá.
- Ìgbà òtútù (冬 dōng): yìnyín, òdòdó 梅花 (méihuā) tó ń tanná nígbà tí gbogbo igi yòókù wà níhòòhò. Ẹyẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sí, àìsí wọn gan-an sì ṣeé lò. Akéwì Liu Zongyuan (773–819) fi ẹgbẹ̀rún òkè tí ẹyẹ kankan kò fò mọ́ lórí wọn bẹ̀rẹ̀ ewì yìnyín rẹ̀, kó tó wá fi bàbá arúgbó kan ṣoṣo hàn wá nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń dẹ ìwọ̀ nínú òtútù.

Ìkìlọ̀: ẹ wo 燕 àti 雁 dáadáa. Yàn ni méjèèjì, ohùn wọn kò sì yàtọ̀ rárá. Etí Yorùbá tó máa ń gbà wá níbi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò lè gbà wá níbí. Ojú ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ṣì wọ́n kọ, ẹ ti sọ ìrúwé di ìwọ́wé.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi ẹyẹ náà léèrè iṣẹ́ rẹ̀

- 喜鹊 (xǐquè), ẹyẹ dúdú òun funfun onírù gígùn: ìròyìn ayọ̀. Ayọ̀ ni àmì 喜 fúnra rẹ̀.
- 乌鸦 (wūyā), kannakánná: ìrọ̀lẹ́, ìdánìkanwà, àmì burúkú. Dúdú látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń rò, kì í ṣe tiwa tó wọ funfun láyà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ burúkú ẹnu rẹ̀ máa ń ṣẹ ni wọ́n ń pè ní "ẹnu kannakánná", 乌鸦嘴 (wūyā zuǐ).
- 鹤 (hè), ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn: ẹ̀mí gígùn àti iyì.
- 鸳鸯 (yuānyāng), pẹ́pẹ́yẹ aláràbarà: tọkọtaya. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan sórí omi, ẹ ti sọ fún òǹkàwé pé ẹnì kan ti pàdánù ẹnì kejì rẹ̀.
- 雁: àárò ilé, àti lẹ́tà láti ọ̀nà jíjìn.
- 杜鹃 (dùjuān): ẹkún. Wọ́n ní ó máa ń ké títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Òdòdó kan náà wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kó hàn kedere èyí tí ẹ ń sọ.

Ẹyẹ méjì kan wà tó yẹ ká dúró lé lórí. Òwìwí (猫头鹰 māotóuyīng) kò ní wahálà: bí àwọn ìyá wa ṣe ń wò ó náà ni àwọn ìyá wọn ṣe ń wò ó. Ẹ gbé e sórí òrùlé, ọkàn òǹkàwé á mì. Ti odídẹrẹ́ ni ká ṣọ́ra fún. Ayékòótọ́ la ń pè é, ẹyẹ tó ń sọ òótọ́ tí ayé kò fẹ́ gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, 鹦鹉学舌 (yīngwǔ xué shé), "odídẹrẹ́ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ", èébú ni: ẹni tó kàn ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sọ láìní èrò tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi í yin bàbá bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ẹ̀bùn tó fẹ́ fún bàbá, ìgbájú ló dà.

## Ìgbésẹ̀ 3: Etí ṣáájú ojú

Bí ẹ kò bá ní mú ohun mìíràn lò nínú gbogbo èyí, ẹ mú ìgbésẹ̀ yìí.

Meng Haoran (689–740) kò rí ẹyẹ kankan nínú ewì ìrúwé rẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé Ṣáínà máa ń kà lórí. Ó ṣì wà lórí ibùsùn ni. Ó gbọ́ igbe ẹyẹ káàkiri, ó rántí pé òun gbọ́ òjò àti atẹ́gùn lóru, ó wá ń rò ó pé òdòdó mélòó ló ti já bọ́. Àmì 20 péré ni gbogbo ewì náà. Wang Wei ní tirẹ̀ fi ohùn ẹyẹ fi ìdákẹ́jẹ́ hàn wá: oṣùpá yọ lórí òkè tó pa rọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ta àwọn ẹyẹ jí, wọ́n ń ké lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú àfonífojì. Igbe yẹn la fi mọ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Àwọn olùkọ́ wọn ń pe ọgbọ́n yìí ní 以动衬静 (yǐ dòng chèn jìng), ká fi ohun tó ń mira gbé ohun tó dúró jẹ́ẹ́ yọ.

Bí ẹ óò ṣe ṣe é:

1. Ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ẹ gbọ́, kí ẹ tó kọ ọ̀kan nípa ohun tí ẹ rí.
2. Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá igbe náà mu. 叫 (jiào) ni tojoojúmọ́. 鸣 (míng) ni ti inú ìwé àti ewì. 啼 (tí) bá àkùkọ ìdájí mu, ó sì bá ẹyẹ tí igbe rẹ̀ ń dunni lọ́kàn mu.
3. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó ń fara wé ìró: 叽叽喳喳 (jījīzhāzhā) fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké bí ológoṣẹ́, 咕咕 (gūgū) fún àdàbà, 呱呱 (guāguā) fún kannakánná.

Ní tòótọ́, ọwọ́ wa le níbí ju ti ọ̀pọ̀ àjèjì tó ń kọ́ èdè náà lọ. Ẹni tó dàgbà sórí "pupa fòò", "ó pa rọ́rọ́" àti "dúdú kirikiri" á tètè mọ adùn 绿油油 (lǜyóuyóu), ewéko tútù tó ń dán; 静悄悄 (jìngqiāoqiāo), ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́; àti 黑压压 (hēiyāyā), ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣú bo ojú. Olùkọ́ tí chéngyǔ ti sú á yọ̀ bó bá rí wọn.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kojú ọ̀rọ̀

Du Fu (712–770) ní ewì onílà mẹ́rin kan tó kọ nígbà tó ń gbé ní Chengdu. Ìlà àkọ́kọ́: ẹyẹ 黄鹂 méjì ń kọrin nínú igi wílò tútù. Ìlà kejì: ọ̀wọ́ lékeléke kan ń gòkè lọ sínú ọ̀run aláwọ̀ aró. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ayò: méjì kojú ọ̀kan, ìyeyè kojú funfun, igi kojú ọ̀run, orin kojú fífò. Ohun tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ mú, kó tó gbé ojú yín lọ sókè.

Ẹ fara wé e báyìí:

1. Ẹ kọ ẹyẹ kan tó wà nítòsí: iye, àwọ̀, ibi tó wà, ohun tó ń ṣe.
2. Ẹ kọ òmíràn tó wà lọ́nà jíjìn, kí ẹ to nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn bákan náà.
3. Ẹ yọ àwọ̀ tó bá pọ̀ jù. Du Fu lo mẹ́rin nínú ìlà méjì, ó sì gún régé. Èmi àti ẹ̀yin, ká fara mọ́ méjì ná.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣe pàtàkì: 一只 (yì zhī) fún ẹyọ ẹyẹ kan, 一对 (yí duì) fún méjì tó jẹ́ takọtabo, 一群 (yì qún) fún agbo, 一行 (yì háng) fún èyí tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Du Fu kọ 两个 fún ẹyẹ méjì rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ òde òní, 两只 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìgbà yìí ni chéngyǔ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sípò karùn-ún ni. Ohun tí ojú rí ló yẹ kó ṣáájú. Chéngyǔ wá dà bí ìgbà tí àgbà bá fi òwe kan dé ọ̀rọ̀ ládé. Ta ló ń fi òwe mẹ́fà kí ènìyàn káàárọ̀?

Fún àpèjúwe ibi tó lẹ́wà, ẹ lè fi mẹ́ta wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀:

- 鸟语花香 (niǎo yǔ huā xiāng): ẹyẹ ń fọhùn, òdòdó ń ta sánsán. Ìgbà ìrúwé, ọgbà, ibi ìgbafẹ́.
- 莺歌燕舞 (yīng gē yàn wǔ): ẹyẹ ń kọrin, alápàáńdẹ̀dẹ̀ ń jó. Ariwo ayọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò bá ibi tó pa rọ́rọ́ mu.
- 山清水秀 (shān qīng shuǐ xiù): òkè mọ́, omi lẹ́wà. Fún ìlú tàbí agbègbè.

Òfin tí mi ò jẹ́ yẹ̀:

1. Ẹ má fi 很 (hěn) ṣáájú rẹ̀. 很鸟语花香 kò ṣeé gbọ́ sétí.
2. Ẹ fi í parí gbólóhùn (公园里鸟语花香。), tàbí kí ẹ fi 的 so ó mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ (鸟语花香的季节).
3. Ẹ má pààrọ̀ àmì kankan, ẹ má sì yí ìtò rẹ̀ padà.
4. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò nínú atúmọ̀ èdè: ìtumọ̀ rẹ̀, ta ni tàbí kí ni wọ́n ń lò ó fún, ṣé ìyìn ni (褒义 bāoyì) àbí ìbùkù (贬义 biǎnyì). Kókó kejì yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ bá fẹ́ yá ìlà ewì kan

Ẹ yá ẹyọ kan, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 这让我想起一句诗 (zhè ràng wǒ xiǎngqǐ yí jù shī), "èyí rán mi létí ìlà ewì kan", ṣíde rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àmì àyọlò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 鸟鸣山更幽 (niǎo míng shān gèng yōu), ti Wang Ji ayé ìjọba Liang: ẹyẹ ké, òkè túbọ̀ dákẹ́. Àmì márùn-ún péré ni, ó rọrùn láti há, kì í sì í tètè ṣìnà. Bí ìlà tí ẹ yá bá tún ohun tí ẹ ti kọ sọ, ẹ yọ ọ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kà á sókè

Ibi tí ahọ́n bá ti lọ́, ẹ gé e.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

沉鱼落雁 (chén yú luò yàn). Ẹja rì, ẹyẹ já bọ́. Tèmi nìyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú àròkọ nípa odò Ọ̀ṣun, torí mo rò pé ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ àti ẹyẹ tó ń bà sétí omi ni. Ẹwà obìnrin ni wọ́n ń fi í sọ: ó lẹ́wà débi pé ẹja rí i, ó rì, ẹyẹ rí i, ó gbàgbé fífò. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Arẹwà obìnrin náà dà?" Ó wù mí kí n sọ fún un pé Ọ̀ṣun kúkú ni, ṣùgbọ́n máàkì ti lọ.

鸦雀无声 (yā què wú shēng). Kannakánná àti ológoṣẹ́ kò dún. Àwọn ènìyàn tó pa lọ́lọ́ ni wọ́n sábà ń lò ó fún, bíi kíláàsì nígbà tí olùkọ́ wọlé: 教室里鸦雀无声。 Bí ẹ bá lò ó fún igbó tí ẹyẹ wà nínú rẹ̀, ó di àwàdà.

惊弓之鸟 (jīng gōng zhī niǎo). Ẹyẹ tí ọrun ń dẹ́rù bà. Kì í ṣe àpèjúwe ẹyẹ. Nínú ìtàn rẹ̀, ẹyẹ 雁 kan tó ti ní ọgbẹ́ ọfà tẹ́lẹ̀ gbọ́ ìró okùn ọrun, láìsí ọfà lórí rẹ̀, ó sì já bọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo ni, irú èyí tí àwa ń sọ pé ejò ti bù jẹ rí, tó wá ń sá fún ekòló.

劳燕分飞 (láo yàn fēn fēi). Orúkọ ẹyẹ kan, 伯劳 (bóláo), ni 劳 ibí yìí, kì í ṣe iṣẹ́ tàbí àárẹ̀. Tọkọtaya tàbí olólùfẹ́ tó pínyà ni ó dúró fún.

柳暗花明 (liǔ àn huā míng). Wílò ṣókùnkùn, òdòdó mọ́lẹ̀. Ó jọ àpèjúwe ọgbà, àbí? Lóde òní, ọ̀nà tó là lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dí ni wọ́n ń fi í sọ jù. Inú ewì Lu You (1125–1210) ló ti wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tọ́ sí. 笨鸟先飞 (bèn niǎo xiān fēi), ẹyẹ tí kò já fáfá ló ń kọ́kọ́ gbéra, ara ẹni la ń fi í rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sí ọ̀gá yín, ẹ ti pè é ní dìndìnrìn. Òdìkejì rẹ̀ ni 鹤立鸡群 (hè lì jī qún), ẹyẹ 鹤 láàárín agbo adìẹ: ẹlòmíì la fi ń yìn, ẹni tó bá lò ó fún ara rẹ̀ ń fọ́nnu ni.

## Bó bá jẹ́ ilé wa ni ẹ ń kọ nípa rẹ̀

Ẹ má kó wílò lọ sí Ìbàdàn. Mo ti ka àròkọ tí yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ẹyẹ wa ní orúkọ tó dùn lédè Ṣáínà, ó kàn yẹ ká wá wọn ni:

- Lékeléke ẹ̀yìn màlúù ni 牛背鹭 (niúbèilù). Bí ẹ bá tú orúkọ náà, lékeléke ẹ̀yìn màlúù náà ló ń jẹ́.
- Ẹ̀gà ni 织布鸟 (zhībùniǎo), ẹyẹ ahunṣọ.
- Ọ̀pẹ ni 油棕 (yóuzōng).

傍晚,一群牛背鹭从牛背上飞起来,排成一行,往村后的油棕树飞去。

Ìrọ̀lẹ́ ni, agbo lékeléke dìde lẹ́yìn màlúù, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n kọrí sí àwọn ọ̀pẹ ẹ̀yìn abúlé. Kò sí chéngyǔ kankan níbẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ìlà Du Fu ni mo jí níbi tí mo ti ní 一行, ẹni tó mọ̀ á mọ̀.

## Àpẹẹrẹ ìpínrọ̀ kan

Kò dáa tó: 春天很鸟语花香,莺歌燕舞,山清水秀,我很高兴。

Chéngyǔ mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn bí èrò inú dánfó, kò sì sí nǹkan kan tí ojú rí.

Ó dáa jù: 清晨,我推开窗户。昨夜下过小雨,石阶上落满了桃花。两只燕子贴着水面飞过。远处的林子里,不知什么鸟叫了一声,又静了。都说春天鸟语花香,可是那天早晨,我只听见这一声。

Lédè tiwa: ní kùtùkùtù, mo ṣí fèrèsé. Òjò wẹliwẹli rọ̀ lóru àná, òdòdó 桃花 ti bo àtẹ̀gùn òkúta. Alápàáńdẹ̀dẹ̀ méjì fò kọjá lórí omi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án. Nínú igbó lọ́hùn-ún, ẹyẹ kan tí mi ò mọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ sì tún dákẹ́. Gbogbo ayé ní ìgbà ìrúwé ni ẹyẹ ń fọhùn tí òdòdó ń ta sánsán, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, igbe kan ṣoṣo yìí ni mo gbọ́.

Ẹ kíyè sí i pé chéngyǔ náà kò yin nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi í sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí, kí n tó já a kulẹ̀.

## Ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò kí ẹ tó fi sílẹ̀

- [ ] Àsìkò kan ṣoṣo ló wà nínú ìpínrọ̀ náà, gbogbo ẹyẹ àti òdòdó sì bá a mu.
- [ ] Ó kéré tán, ìró kan wà níbẹ̀.
- [ ] 只, 群 tàbí 行 wà níbi tó yẹ.
- [ ] Kò sí 很 ṣáájú chéngyǔ.
- [ ] Mo ti wo ẹni tí chéngyǔ náà wà fún nínú atúmọ̀ èdè.
- [ ] Bó bá jẹ́ alápàáńdẹ̀dẹ̀ ni mo ń sọ, 燕 ni mo kọ, kì í ṣe 雁.